Ìyẹ́ Adìẹ àti Ẹ̀kọ Láfún

Winnipeg, Kánádà
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, 2025

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, èyí tí lẹ́tà yìí bá bá yín nínú rẹ̀ ni kí ẹ mú. Ṣé ara le? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Ṣé èéfín ààtàn ti dínkù ní Igando? Níbí, òtútù mú débi pé tí mo bá mí síta, irùngbọ̀n mi a di yìnyín. Ọmọ́wùnmí ìyàwó mi ní kí n kí yín. Ara rẹ̀ le, oyún náà ń dàgbà. Dókítà ní ìparí oṣù Keje ni a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ tọmọ, lágbára Ọlọ́run.

Màmá, ohun tó mú mi kọ̀wé kò ṣeé sọ lórí fóònù, nítorí mo gbìyànjú, ẹ sì mọ ohun tí ẹ ṣe. Bí mo ṣe dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ni ẹ ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa, tí ẹ pa fóònù. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan náà dáa nígbà tí ẹ ń bi mí irú ọbẹ̀ tí mo jẹ.

Màmá Matilda, aládùúgbò yín, pè mí. Ẹ má bínú sí wọn, ìfẹ́ ni wọ́n fi pè. Wọ́n ní láti ìgbà tí ọdún ti wọlé, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lójoojúmọ́, ẹ ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú abọ́ ẹ̀kọ àti ìyẹ́ adìẹ. Wọ́n ní ẹ ó tẹ́ aṣọ funfun, ẹ ó máa fi ìyẹ́ náà tọ ẹ̀kọ sórí rẹ̀, ẹ ó sì máa dá orúkọ ènìyàn wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n gbọ́ orúkọ mi. Wọ́n gbọ́ ti ìyàwó mi. Wọ́n wá bi mí bóyá mo mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Kí ni kí n sọ? Mo ní n kò mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kí wọ́n tó bí mi. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ń ṣe? Ẹ má fi ẹ̀rín dá mi lóhùn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ọkàn mi lè balẹ̀.

Tí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀ lápá ibí, ẹ bá wa fi èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ rán an. Ọmọ́wùnmí ní ẹja ibí kò ní ìtàn kankan lẹ́nu.

Ọmọ yín tí kò rí oorun sùn,
Tìmílẹ́yìn


Igando, Èkó
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta, 2025

Tìmílẹ́yìn ọmọ mi,

O kú òtútù o. Fá irùngbọ̀n náà, yìnyín kò ní ríbi dì mọ́. Ẹsẹ̀ mi ń sàn, èéfín ààtàn wà níbi tó wà, a ti mọ ara wa.

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo tún un kà, n kò rẹ́rìn-ín mọ́. O ní kí n má fi ẹ̀rín dá ọ lóhùn. Ó dáa, mo ti rín in tán kí n tó mú bírò.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń ṣe. Ìyá ìyá mi ní Oǹdó ló kọ́ mi, kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà. Láfún ni mo fi ń ro ẹ̀kọ náà, mo ń fi áálọ́ọ̀mù sí i kí ó lè di aṣọ mú. Ìyẹ́ adìẹ ni mo fi ń kọ ọ́. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà lára aṣọ, aró kò ní wọ ibẹ̀, yóò funfun. Ibi tó bá ṣófo ni yóò dúdú. Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Màmá Matilda rí ẹ̀kọ, ó rí ìyẹ́ adìẹ, ó rí aṣọ funfun, ó rí opó tó jí ní ìdájí, ó wá rò ó papọ̀. N kò bá a wí lórí ìyẹn. Bí èmi náà bá yọjú lórí ògiri tí mo rí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀, ṣé n ò ní sáré wá igo òróró? Ohun tó bí mi nínú ni pé ògiri kan ló wà láàárín àwa méjèèjì. Ó lè kanlẹ̀kùn. Ó fò mí dá, ó pe Kánádà.

Wàyí o, kí n sọ èyí tí n kò sọ fún ọ rí. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, àárọ̀ ló máa ń burú jù fún mi. N ó kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kò ní jáde. Èmi tí mo ti ń darí àdúrà ẹgbẹ́ àwọn ìyá láti ìgbà tí o wà lẹ́yìn mi! N ó kàn kúnlẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lábẹ́ ibùsùn. N ó dìde, n kò ní lè jẹun. Lẹ́yìn ọdún tuntun ni mo ń tú àpótí, tí mo rí aṣọ funfun kan tí n kò lò rí. Ọwọ́ mi kàn ń yún mi. Mo ro ẹ̀kọ, mo fi ìlà pín aṣọ náà sí ojú kéékèèké onígun mẹ́rin, mo sì ya ọ̀kan. Láti ọjọ́ yẹn, ojú kan lójúmọ́ ni. N ó dá orúkọ ẹni kan, n ó ya ohun tí mo fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe fún un. Iná ìdáná ni mo yà fún ọ nítorí òtútù. Ọwọ́ mi ń gba àdúrà tí ẹnu mi kò lè gbà, mo sì mọ̀ pé Ó ń gbọ́, nítorí tí mo bá ya á tán, ebi a pa mí.

Aṣọ ìpọnmọ ni. Ti ọmọ tó ń bọ̀ ni. N kò fẹ́ kí o mọ̀ títí n ó fi parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlẹ́nu rírùn ti bá mi sọ ọ́.

Kí Ọmọ́wùnmí fọkàn balẹ̀, èlùbọ́ ń bọ̀. Kí ó ya fọ́tò ikùn rẹ̀ sí mi, kí ó má fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀.

Ìyá rẹ tí kì í bọ nǹkan kan,
Olúfúnmiláyọ̀


Winnipeg
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹta, 2025

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ara. Mo gba lẹ́tà yín. N kò mọ̀ pé bí àárọ̀ ṣe máa ń rí fún yín nìyẹn. Ó dùn mí pé òkè òkun ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ gbọ́ tèmi náà. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́dún tó kọjá. Ẹ mọ bí Ọmọ́wùnmí ṣe ti ilé ìwòsàn dé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí kì í bà mí lẹ́rù. Tí ó bá húkọ́ lóru, mo ti dìde. N kò sọ pé ohun tí ẹ ń ṣe burú. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n, ohun tí n kò bá sì mọ̀, n kò fẹ́ kí ó kan ọmọ yìí lára. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa níbí, wọ́n ní kí a ṣọ́ra fún nǹkan ìran.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi aṣọ náà ránṣẹ́. Èmi àti Ọmọ́wùnmí ti fẹnu kò lórí rẹ̀. Mo sì ti bá Ajíhìnrere Julius sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní Ìdímù, pé kí ó wá bá yín gbàdúrà ní ẹ̀yìnkùlé yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ó bí yín nínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Tìmílẹ́yìn


Igando
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹrin, 2025

Tìmílẹ́yìn,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí fara hàn níbí.

O ní kí n gba Julius tọwọ́tẹsẹ̀. Mo gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni mo gbà jù.

Ó dé lọ́jọ́ Sátidé nínú ṣòkòtò funfun àti bàtà funfun. Mo fún un ní tíì àti búrẹ́dì, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá kí ó tó ní kí a lọ dojú ìjà kọ ọ̀tá. Ọmọ tó mọ àgbà ni, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí a dé ẹ̀yìnkùlé, Màmá Matilda ti gun àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tirẹ̀, orí rẹ̀ nìkan là ń rí, òun ló ń ṣe àmín. Mo fi ìkòkò aró han Julius. Mo ri ìkòkò náà mọ́lẹ̀ kí ó má baà dà sílẹ̀, páálí ni mo fi dé e. Mo ní kí ó ṣọ́ra. Ó ní kò sí ohun tó lè ṣe òun. Ó dijú, ó ń gbàdúrà, ó ń fò, ó ń fi ẹ̀yìn rìn. Bí ó ṣe ń pàṣẹ pé kí ilẹ̀ gbé gbogbo iṣẹ́ òkùnkùn mì, bẹ́ẹ̀ ni páálí já, ìkòkò sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ mì dé orókùn. Màmá Matilda ti ṣe àmín kí ó tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ náà títí. Aró tó ti gbó kì í gbọ́ ti ọṣẹ. Ó padà sí Ìdímù pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan bí Ọlọ́run ti dá a, ẹsẹ̀ kejì bí èmi ti pa á láró. Mo gbọ́ pé ìbọ̀sẹ̀ ló ń wọ̀ lọ sí ìsìn nínú ooru yìí. Kí o tó bínú, òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ. Ó ní òun kò bá ẹ̀mí kankan pàdé níbẹ̀, ìkòkò nìkan ni.

Ní ti aṣọ, mo gbọ́. Ọmọ yín ni, ẹ̀yin lẹ ni ẹnu ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́dún tó kọjá, mo sunkún rẹ̀ nílé yìí, n kò kàn jẹ́ kí o gbọ́ ni. Mo ti ká aṣọ náà sábẹ́ àpótí. Mo ti da ẹ̀kọ nù. Ó dùn mí, n kò ní tàn ọ́.

Èlùbọ́ àti ẹja wà lọ́wọ́ Báyọ̀, ọmọ ìjọ wa tó ń padà sí Winnipeg. Kí ẹ tètè lọ gbà á kí ilé rẹ̀ má baà máa rùn.

Ìyá rẹ


Winnipeg
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Karùn-ún, 2025

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú òjò. Ẹrù dé ọwọ́ wa. Ẹja ti tán, èmi kò tilẹ̀ tọ́ ọ wò.

Màmá, kí ló dé? Tí mo bá pè, ẹ ó ní, “Mo wà,” ẹ ó sì dákẹ́. Ẹ kò bú mi, ẹ kò bi mí ohun tí mo jẹ. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń retí lẹ́tà. Màmá Matilda tún pè. Wọ́n ní oòrùn á ti ga kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn, ẹ kò sì lọ sí ìpàdé àwọn ìyá mọ́. Ohùn wọn kò le bíi ti tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ti dá Ọmọ́wùnmí dúró sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, dókítà ní kí ó máa dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí yóò fi bímọ. Ó ń bú mi láti orí ibùsùn. Ó rí lẹ́tà yín nínú àpò kóòtù mi, ó ní ọjọ́ wo ni àwa méjèèjì fẹnu kò lórí aṣọ. A kò fẹnu kò, Màmá. Èmi nìkan ni mo pinnu, mo kàn fi orúkọ rẹ̀ tì í lẹ́yìn ni. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun kò mọ̀ sí i rárá, àti pé ẹ̀kọ kò pa ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ kọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́.

Tìmílẹ́yìn


Winnipeg
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, 2025

Màmá,

Mi ò tíì rí lẹ́tà. Ọmọ́wùnmí ṣì wà níbẹ̀. Mo jókòó tì í, mo lanu láti gbàdúrà, kò sí ohun tó jáde. Mo rántí pé ẹ ti sọ ọ́. N kò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́, kí n ṣáà gbúròó yín.

Tìmí


Igando
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹfà, 2025

Tìmílẹ́yìn ọmọ mi, ọkọ Ọmọ́wùnmí,

Ọlọ́run yóò gbé ìyàwó rẹ dìde, ẹ̀rín ni yóò fi jáde níbẹ̀. Kí i fún mi. Sọ fún un pé ẹnu rẹ̀ tó fi ń bú ọ yẹn, kí ó má jẹ́ kí ó rẹ̀ ẹ́.

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Mo ń sọ pé mo wà, n kò sí. Nígbà tí mo ká aṣọ náà, mo rò pé aṣọ nìkan ni mo ká. N ó jí, n ó máa wo àjà. Gbogbo òwúrọ̀ tí ikú bàbá rẹ fún mi ló padà wá jókòó sétí ibùsùn. N kò bínú sí ọ tó bí o ṣe rò, agbára tí n ó fi bínú gan-an ni kò sí.

Màmá Matilda ló wá. Ẹnu ọ̀nà ló gbà lọ́tẹ̀ yìí, kò gba orí ògiri. Ó gbé ọbẹ̀ ẹja gbígbóná dání, ó jókòó tì mí títí mo fi mu díẹ̀. Ó wá ní, “Ìyá Tìmí, ṣé ọ̀rọ̀ tí mo sọ ló sọ yín dà báyìí?”

Mo ní, “Òun ni.”

Ó sún mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló wá jẹ́wọ́ pé òun gbọ́ orúkọ ti ara òun náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, pé ìyẹn gan-an ló dẹ́rù ba òun. Ó ní kí ni mo ń yà nígbà tí mo dá orúkọ òun.

Mo ní, “Àga ni mo yà. Kí ẹ lè rí àyè jókòó.”

O mọ̀ pé láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń dúró nídìí ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀. Ó wò mí, omi bẹ̀rẹ̀ sí dà lójú rẹ̀, èmi náà bá a dá sí i. A sunkún bí ọmọdé méjì, ọbẹ̀ sì tutù.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó gbé ìdì ìyẹ́ wá, láti ara àwọn adìẹ tirẹ̀. Ó ti da òróró sí i, ó ti gbàdúrà lé e lórí, ó ní kí n máa fi ṣiṣẹ́ láìbẹ̀rù. Ìyẹ́ tó bá ti kan òróró kì í gba ẹ̀kọ. Mo ní láti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí n tó lè lò ó, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó mọ̀. Mo ti padà sídìí aṣọ mi. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ, èmi ni n ó máa fi bora.

Gbọ́, ọmọ mi. Má wá ọ̀rọ̀ ńlá kiri. Mú bébà àti bírò, fa igun mẹ́rin, dá orúkọ ẹni kan, kí o ya ohun tí o ń fẹ́ fún un sínú rẹ̀. Bí kò bá dára, kò kan ẹnikẹ́ni. Lọ́la, ya òmíràn. Bí o bá sì pa ọjọ́ kan jẹ, má ya méjì lọ́jọ́ kejì láti fi dí i. Kì í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ni tirẹ̀.

Má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ dákẹ́. Ẹnu yóò bá a lọ́nà.

Ìyá rẹ tó ti padà sí ẹ̀yìnkùlé,
Olúfúnmiláyọ̀


Winnipeg
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà, 2025

Ìyá mi dáadáa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òwúrọ̀, òwúrọ̀ ni mo fẹ́ máa kí yín láti ìsinsìnyí lọ.

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ya ibùsùn tó rọ̀ fún Ọmọ́wùnmí. Ó gbé e sókè, ó yí i po, ó ní màlúù yìí sanra. Ó rín in débi pé nọ́ọ̀sì sáré wọlé wá wo ohun tó ń ṣe é. Ọjọ́ kejì, mo ya yín, mo sì fi àwo oúnjẹ síwájú yín. Ọjọ́ mìíràn, mo ya ẹsẹ̀ Julius. Mo bẹ Ọlọ́run kí aró náà ṣí.

Nínú ọ̀sẹ̀ kejì, dókítà wọlé pẹ̀lú ojú tí kò tù mí lára, wọ́n gbé Ọmọ́wùnmí lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní kí n dúró síta. Mo mú bébà jáde. Mo fa igun mẹ́rin, mo sì ń ya ẹsẹ̀ ọmọ kékeré, ìka kan lẹ́yìn èkejì. Kí n tó dé ìka ìkẹyìn, mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún Un pé ẹ̀rù ń bà mí, mo bá A jà nítorí ọdún tó kọjá, mo dúpẹ́, gbogbo rẹ̀ papọ̀. Wọ́n gbé e padà, wọ́n ní ọmọ wà dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń wálẹ̀. Oògùn ló mú un wálẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ara tèmi náà wálẹ̀, èmi kò sì mu oògùn kankan.

Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ fi aṣọ náà ránṣẹ́ sí wa. A ti fẹnu kò, ẹ wo ọwọ́ ìwé Ọmọ́wùnmí nísàlẹ̀ yìí kí ẹ lè gbà mí gbọ́.

Tìmílẹ́yìn

Màmá, òótọ́ ni. Mo fẹ́ aṣọ yẹn, mo sì fẹ́ ẹ gan-an. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ màlúù. Ọmọ́wùnmí.


Igando
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Keje, 2025

Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì,

Mo kí yín, mo kí ẹni kẹta tí kò tíì dáhùn.

Aṣọ ti wà lọ́nà. Mo gbé e fún àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ ní Ikotun. Mo rẹ ẹ́ sínú aró, mo sá a, mo tún rẹ ẹ́, títí ó fi gún régé. Julius wá bá wa tẹ́ ẹ sóòrùn. Bàtà dúdú ló wọ̀, ó sì jìnnà sí ìkòkò. Màmá Matilda ṣe àmín sí igun aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. N kò mọ̀ bóyá ó ti gbà tán pé kò sí nǹkan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ní kí n ya ọkọ fún Matilda ọmọ rẹ̀.

Tí ẹ bá tẹ́ ẹ, ẹ ó rí ìlà kan láàárín tí kò ní àwòrán, tó dúdú láti etí dé etí. N kò gbàgbé. Àwọn ọjọ́ tí aṣọ wà lábẹ́ àpótí nìyẹn. Nígbà tí mo padà sí i, ibi tí ọjọ́ dé ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Màmá Matilda ní kí n kún un, pé kò ní lẹ́wà. Mo ní àdúrà tí n kò gbà, n kò ní ya á bí ẹni pé mo gbà á.

Ọmọ́wùnmí, jẹun. Tìmílẹ́yìn, kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ibùsùn.

Ìyá yín


Winnipeg
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹjọ, 2025

Màmá mi, ìyá àgbà tuntun,

Ẹ kú ewu ọmọ! Mo mọ̀ pé a ti kígbe tán lórí fóònù, ẹ ti gbọ́ igbe òun náà, ẹ sì ti sọ ọ́ ní Ìbíyẹmí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó wà nínú ìwé pé obìnrin ni, ó ní iwájú orí Bàbá, ìyá rẹ̀ sì ti wà nílé pẹ̀lú ara líle. Ọlọ́run ṣeun fún wa.

Aṣọ dé kí wọ́n tó bí i. A tẹ́ ẹ sórí ibùsùn ilé ìwòsàn, a ń fi ìka tọ àwọn ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí iná mi. Mo rí àga Màmá Matilda. Ọmọ́wùnmí rí ojú kan tí ẹ ya ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ sí, ó ní tòun nìyẹn, ó gbá a mọ́ra. Àwọn yòókù, a kò mọ ẹni tó ni wọ́n, a kàn ń ṣe àmín.

Àná ni Ọmọ́wùnmí kọ́kọ́ pọ̀n ọ́n. Ó ń lọ síwájú mi nínú ilé, ó ń kọrin, mo sì rí i pé ìlà dúdú yẹn ló bọ́ sí ìdí ọmọ gẹ́lẹ́. Níbikíbi tí ó bá yí sí, òun ni ojú mi ń kọ́kọ́ bá. Màmá, mo mọ ẹni tó ni ìlà yẹn. Ẹ kò dá orúkọ mi níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ín. Yóò máa wà lára aṣọ ọmọ mi títí aṣọ náà yóò fi gbó. Mo fẹ́ kí ẹ foríjì mí, kì í ṣe lórí fóònù, ẹ kọ ọ́ kí n rí i.

Ọmọ yín,
Tìmílẹ́yìn


Igando
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹsàn-án, 2025

Bàbá Ìbíyẹmí,

Ẹ kú ọwọ́ lómi. Mo wo fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, nítorí náà sọ fún Ọmọ́wùnmí kí ó gbé aṣọ náà sókè díẹ̀ kí ọrùn ọmọ lè rí ibi sinmi, kí ó sì fi ọ̀já gbà á mọ́ra dáadáa. Mo ti fi fọ́tò náà han gbogbo ìpàdé àwọn ìyá, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò bi mí.

Ìlà dúdú tí o ń wò tí o ń mí kanlẹ̀ yẹn, ibi tó yẹ kó wà gan-an ló wà. Ọmọ yóò tọ̀ sí i, yóò ṣu sí i, kò ní hàn. Wọn yóò fọ̀ ọ́, yóò gbẹ, wọn yóò tún fi pọ̀n ọ́n. Ìwọ náà tọ̀ sí mi lẹ́yìn títí, Tìmílẹ́yìn. N kò torí ìyẹn sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ìyá rẹ